Ẹ má tíì sáré lọ ra gíà ní Ládípọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí lè bí àwọn mẹkáníìkì kan nínú, àmọ́ a máa sọ ọ́.

Ó ti sú wa. Kí pickup automatic tó ń kó ata àti tòmátò wá sí Mushin tàbí Oyingbo ṣáà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jerk, ohun tí a ó kọ́kọ́ gbọ́ ni "Gíà ti lọ nìyẹn, ẹ wá owó, ká lọ Ládípọ̀." Wọn ò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì o! Owó irúgbìn àti ajílẹ̀ á bá gíà Belgium lọ, ẹrù á sì jẹrà sínú ọkọ̀.

A ò bá àwọn ará Ládípọ̀ jà. Bí gíà bá kú lóòótọ́, ibẹ̀ náà la ó ti rà á. Ohun tí a ò gbà ni kí wọ́n máa pe gíà ní òkú láì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ́ìlì gíà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tuntun rẹ̀ máa ń pupa. Bó bá ti dúdú, tó ń rùn bíi nǹkan tó jóná, clutch inú gíà ti ń jẹ. Bó bá kéré, gíà á máa pẹ́ kó tó wọlé, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ ò ní fà. Ẹ wá ibi tó ti ń jò. Tacoma V6 tó jáde láti 2005 kò ní géèjì tí a ń fà jáde. Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ti ń wò ó, kí ẹ́ńjìnnì wà lórí iṣẹ́, kí ọ́ìlì sì ti gbóná dé ìwọ̀n. ATF WS ló ń lò. Ẹni tó bá ní ọ́ìlì pupa èyíkéyìí náà ni, ẹ má dá a lóhùn.

Bí ọ́ìlì bá wá rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní Nissan Frontier 2005 sí 2010, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Inú radiator ni ibi tó ń tu ọ́ìlì gíà lára wà, radiator ọkọ̀ yìí sì lókìkí pé ó máa ń là níbẹ̀, tí omi rẹ̀ á fi ya wọ inú gíà. Ẹni tó pààrọ̀ gíà tí kò pààrọ̀ radiator, òkú méjì ló rà.

Ẹ̀yìn ìyẹn, kí wọ́n scan ọkọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996 ní ojú ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. P0700 á jáde, wọ́n á ní "Ẹ ò rí i, a sọ fún yín!" Irọ́ ni. Gbogbo ohun tí P0700 ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà gíà ti rí àléébù kan. Kóòdù tó tẹ̀ lé e ló ń sọ èyí tó jẹ́. Ó lè jẹ́ solenoid, ó lè jẹ́ sensọ̀ tó ń ka eré, ó lè jẹ́ wáyà tí eku oko gé jẹ. Kódà bí ọkọ̀ bá há sórí gíà kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà lè mọ̀ọ́mọ̀ tì í síbẹ̀ kí gíà má baà bàjẹ́ ni.

Ẹ ya fọ́tò kóòdù náà kí wọ́n tó pa á rẹ́. Mẹkáníìkì tó bá pa á rẹ́ láì fi hàn yín, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.