Sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Nítorí Àwọn Ọmọ Ìsọ̀

Ọlọ́lá jù lọ, Gómìnà Ṣèyí Mákindé,

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá ni tajà sì ti ń wọ́ bọ̀ láti ìgbà tí owó ti kúrò nínú àpò tó bọ́ sórí fóònù.

Ẹ ó rántí oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ń pààrọ̀ náírà, tí owó bébà di àwátì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ ra ata lásán ń wá ẹni tí yóò gba tiráńsífà. Kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó pàṣẹ lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ, ẹ̀rọ POS ti di ohun tí ojú ń rí láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Àwọn ọ̀gá ìsọ̀ ra ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ wọn kò ráyè kọ́ ọmọ tí yóò lò ó.

Ẹ wo ọjà aṣọ Gbági n'Ìbàdàn, tí a fi orúkọ Olóyè Bọ́lá Ìgè sọ. Ọmọ ìsọ̀ á ti ká áńkárá sínú ọ̀rá, oníbàárà á na fóònù sí i lójú pé òun ti sanwó, bẹ́ẹ̀ orí fóònù ọ̀gá ni álẹ́ẹ̀tì tòótọ́ yóò wọlé sí, ọ̀gá sì ti lọ kó ọjà l'Ékòó. Bí ọmọ náà bá ní kí oníbàárà ní sùúrù, wọ́n a ní ó ya aláfojúdi; bó bá sì jẹ́ kó lọ, tó wá di pé ayédèrú ni, inú owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò ti yọ ọ́. Ìrẹ́jẹ pọ́ńbélé nìyẹn lójú tèmi, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún un pé olè lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ álẹ́ẹ̀tì, àti pé inú àkáǹtì gan-an la ti ń wò ó bóyá owó dé.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ní Yunifásítì Èkó, ẹ bá wa pe àwọn ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà jọ, kí ẹ rán àwọn olùkọ́ wọnú ọjà gan-an, kí ọjà tó kún láàárọ̀, kí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ni, pẹ̀lú POS àti fóònù lọ́wọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ìsọ̀ kò lè fi ọjà sílẹ̀ wá jókòó ní gbọ̀ngàn ìjọba ní Agodi. Kí àwọn ọ̀gá náà fi fóònù kan sí ìsọ̀ tí ọmọ iṣẹ́ yóò fi máa rí owó tó wọlé, kí wọ́n sì ṣèlérí níwájú yín pé ẹni tí a kò tíì kọ́, a kò ní yọ owó oṣù rẹ̀ mọ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ará Ìbàdàn kan