Gìtá Kì í Ṣe Ìpápánu Ìwé

Lọ́dún 1998, Nancy Pearl, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, gbé ètò kan kalẹ̀: kí gbogbo ìlú ka ìwé kan náà, kí wọ́n sì péjọ sọ̀rọ̀ lé e lórí. The Sweet Hereafter tí Russell Banks kọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Chicago tẹ̀ lé wọn ní 2001. To Kill a Mockingbird ti Harper Lee ni àwọn mú. Láti ìgbà náà, àṣà yìí ti ràn ká, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Ohun tí mo ń bá jà ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lo olórin níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tí mo ń wí. Wọ́n á pe ẹni tó fi ọdún gbọọrọ kọ́ gìtá kilásíkà, wọ́n á gbé àga fún un sí kọ̀rọ̀ nítòsí tábìlì oúnjẹ, kó máa ta okùn nígbà tí àwọn àlejò ń jẹ, tí àwọn ẹni ńlá ìlú ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Gìtá yìí kì í ṣe ti King Sunny Adé tí iná mànàmáná ń gbé ohùn rẹ̀ kiri pápá o! Èékánná ni wọ́n fi ń ta okùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ nínú yàrá lọ, kíá ló sì ń kú. Ẹni tí yóò gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ dákẹ́, bí ẹni tó ń kàwé ṣe ń dákẹ́. Kí a wá fi irú orin bẹ́ẹ̀ bo ariwo ṣíbí, ìwọ̀sí ni.

Àwọn mìíràn ní kí wọ́n lé olórin dànù, kí wọ́n fi owó rẹ̀ ra ìwé sí i. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá. Gìtá kọ́ ló jẹ̀bi, bí kò ṣe ẹni tó pè é láìmọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe.

Ẹ wo Platero y yo, ìwé tí Juan Ramón Jiménez, ọmọ Spéìn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1956, kọ nípa ọkùnrin kan àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀. Ní 1960, Mario Castelnuovo-Tedesco, ọmọ Ítálì tó sá lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n ń ni àwọn Júù lára nílẹ̀ rẹ̀, mú orí 28 nínú ìwé náà, ó sì sọ wọ́n di orin fún gìtá àti ẹni tí yóò máa ka ìwé náà sókè. Ẹni tí kò tíì ṣí ìwé náà yóò gbọ́ ọ níbẹ̀. Ìwé kíkà gan-an nìyẹn.

Èyí tó kàn wá jù ni El Decamerón Negro, tí Leo Brouwer, ọmọ Havana ní Kúbà, kọ fún gìtá ní 1981. Inú ìtàn Áfíríkà tí Leo Frobenius kó jọ ló ti mú un. Frobenius yìí náà ló wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, tó rí orí Olókun, tó sì lọ sọ fún aráyé pé iṣẹ́ àwọn ará Atlantis ni. (Ojú rẹ̀ rí i, ọkàn rẹ̀ kọ̀ ọ́.) Apá kìíní orin Brouwer dá lórí akọni jagunjagun kan tí dùùrù wù ju ogun lọ. Àwọn èèyàn rẹ̀ lé e jáde nítorí rẹ̀. Nígbà tí ogun fẹ́ẹ́ kó wọn tán, wọ́n ránṣẹ́ pè é, ó ṣẹ́gun fún wọn, ó sì padà sídìí orin rẹ̀.

Bí ìlú kan bá yan Things Fall Apart tí Chinua Achebe kọ ní 1958, ṣé ó tún yẹ kí wọ́n máa wá orin kiri? Unoka, afọnfèrè onígbèsè, àti Okonkwo ọmọ rẹ̀, jagunjagun tí orúkọ bàbá rẹ̀ ń tì lójú: ẹ ta orin náà fún ìlú, kí ẹ wá bi wọ́n pé nínú àwọn méjèèjì, ta ló jẹ ìlú ní gbèsè jù? Ẹ ó rí i bí ìjiyàn yóò ṣe le tó. Àwọn tí kò ka ìwé náà dé ìdajì yóò lọ kà á tán.

Nítorí náà, kí ilé ìkàwé tó ń múra ètò ọdún tó ń bọ̀ yan olórin lọ́jọ́ tí wọ́n bá yan ìwé, kí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí i, kí wọ́n sanwó ìwé kíkà rẹ̀ àti ti orin rẹ̀, kí wọ́n sì fi í jókòó láàrin àwọn tó ń jiyàn. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wá.