Ojú Ènìyàn Ni Kí Kámẹ́rà Wò, Kì Í Ṣe Ojú Ọ̀run

Bí fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun tí a yà níta ní Woolwich tàbí Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù bá sọ ojú ọmọ Yorùbá di òkùnkùn, ẹ má dá awọ ara lẹ́bi. Kámẹ́rà gbà pé ohun gbogbo tó bá rí wà láàárín dúdú àti funfun, bí eérú. Tí ọ̀run funfun bá wà lẹ́yìn ẹni tó dúró létí adágún Southmere ní Thamesmead, kámẹ́rà á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ló sì ń jìyà rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ojú ni kí a wọn. Bí ọ̀run bá funfun jù, kò sóhun tó bàjẹ́. Ó tún sàn kí ẹni náà dúró níwájú ògiri kọnkéré tó ṣẹ́ kù lára àwọn ilé àkọ́kọ́ Thamesmead, tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ní 1968. Ìkùukùu Lọ́ńdọ̀nù tí gbogbo wa ń ráhùn sí, kì í jẹ́ kí òjìji gèlè le lójú.

Àwọn kan á ní fọ́tò tí kò láwọ̀ ti pa ẹwà aṣọ òkè. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí pupa àti àwọ̀ ewé lè jọra bí àwọ̀ bá ti lọ. Ṣùgbọ́n ayàwòrán J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968 láìlo àwọ̀, dídì kọ̀ọ̀kan sì hàn ketekete. Fóònù tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Òun náà lè ṣì í, pàápàá níbi gbalasa bíi gbàgede General Gordon ní Woolwich. Ẹ fọwọ́ kan ojú lórí rẹ̀ kí ẹ tó yà á.