Ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń sọ lábẹ́lẹ̀ ní Ikpinlè, ní Massè, ní Kpoulou, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nínú ìpàdé. Àwa ó sọ ọ́ síta: àwọn èèyàn wa ń tọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń fi pamọ́.

Bí ọkùnrin bá tọ ẹ̀jẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kí ni wọ́n ń sọ? “Àtọ̀sí ni!” Ojú á tì í, á yọ́ lọ ra àgúnmu àti kápúsù lọ́jà. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá dá, á ní òun ti sàn. A ní rárá o! Ẹ̀jẹ̀ jẹjẹrẹ kíndìnrín máa ń wá, ó máa ń lọ, ó sì lè má dunni rárá. Pé ó dá kò sọ pé ó tán.

A ò sọ pé jẹjẹrẹ ni gbogbo rẹ̀. Àtọ̀sí ajá tí wọ́n ń kó nínú omi odò ń fà á, òkúta inú kíndìnrín náà ń fà á. Ìdí rèé tí ojú lásán ò fi lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ìtọ̀ wò, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n á wá ṣe ekográfì, ẹ̀rọ tó ń wo inú ikùn láìlo abẹ. Bó bá rí kókó lára kíndìnrín, sikánà ló máa sọ bó ṣe tóbi tó àti ibi tó dé.

Ibi tó dé yẹn gan-an lẹjọ́ wa. Ìpele 4 làwọn dókítà pín in sí. Ìpele 1: kókó náà ò ju sẹ̀ntímítà 7 lọ, inú kíndìnrín ló wà. Ìpele 2: ó ti ju 7 lọ, àmọ́ kò tíì jáde. Ìpele 3: ó ti wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, tàbí ọ̀rá tó yí kíndìnrín ká, tàbí ibòmíì nítòsí. Ìpele 4: ó ti ré kọjá ibẹ̀, ó lè ti dé ẹ̀dọ̀fóró tàbí egungun. Ẹni tó wà ní ìpele 1, wọ́n lè gé ibi tó bàjẹ́ nìkan, tàbí kí wọ́n yọ kíndìnrín kan, kó fi ìkejì padà sóko rẹ̀. Ẹni tó dé ìpele 4, ìwòsàn rẹ̀ le gan-an. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ọmọdé náà ò yọ. Bí ikùn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 bá wú, tó le lápá kan, ẹ má pè é ní aràn. Kíndìnrín lè ni.

Àwọn kan á ní sikánà wọ́n. Òótọ́ ni. Àmọ́ owó àgúnmu ọdún kan ńkọ́? Ìyẹ̀wò ìtọ̀ ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, òun ló sì ń sọ ẹni tó nílò èyí tó wọ́n. Àwọn tó ń ní “ẹ dúró, á lọ” ló ń sọ ìpele 1 di ìpele 4!

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ nìyí. Kí pépà ìyẹ̀wò ìtọ̀ má wọ́n ní ilé ìwòsàn àdúgbò kankan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá fojú hàn nínú ìtọ̀ àgbàlagbà, kí wọ́n kọ ìwé fún un lọ sí Pobè, kí wọ́n má fi abẹ́rẹ́ lásán rán an nílé. Kí mérì ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ fún aláìsàn tí wọ́n bá ní kó lọ Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu. Kí wọ́n fi èdè wa sọ ìpele àrùn fún ẹni tó ni ín.

Ẹ̀yin ọba wa, ti yín ò gba owó. Bí ọba bá là á sọ láàfin pé ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ kì í ṣe ẹ̀sùn àgbèrè, ìtìjú tó ń pa wá á kúrò. Ẹ là á sọ. Ní ìpàdé ìlú tó ń bọ̀, a ó béèrè lọ́wọ́ gbogbo wa, oyè oyè, àdúgbò àdúgbò: kí lẹ ṣe sí i?