Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ta Ni Yóò Dáhùn fún Ìfòòró Orí Ayélujára?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn baba wa ń pa á, ẹyin kan ṣoṣo ni wọ́n ní lọ́kàn, ilẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sì fọ́ sí. Lóde òní, ẹnìkan lè ju ẹyin kan, kí ó sì fọ́ sí ẹgbẹ̀rún ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí nìyẹn: ìfòòró ẹni lórí ayélujára.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ kíyè sí i pé "ìfòòró" ni mo pè é, n kò pè é ní "èébú" lásán. Ènìyàn lè búni lẹ́ẹ̀kan kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fòòró ẹni kì í dákẹ́. Ó ń tẹ̀lé ni kiri títí ọkàn ẹni kò fi ní ibi ìsinmi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀ràn yìí rí.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà tí mo bọ̀wọ̀ fún pé kò tó ohun tí à ń pariwo lé lórí. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dá egbò síni lára. Bí ọmọ kò bá fẹ́ kí wọ́n bú òun, kí ó pa fóònù rẹ̀." Èmi kò gbà. Mo ní ìṣòro ńlá ni, mo sì ní orí àwa àgbà ni ẹrù rẹ̀ kọ́kọ́ wà kí ó tó kan àwọn ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọbìnrin kan tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ náà a máa kólòlò díẹ̀, pàápàá bí ó bá ń kàwé sókè. Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ ní kí ó dìde ka àyọkà Yorùbá kan sí etígbọ̀ọ́ kíláàsì. Ẹnìkan fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di alẹ́, ohùn náà ti wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ọmọ kíláàsì, wọ́n ti fi ìlù sí i, wọ́n sì ti sọ ọ́ di orin. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ àdúgbò tí kò mọ ilé-ìwé rẹ̀ rárá ti ń kọ ọ́. Ọmọ tí ó máa ń fi àlọ́ pa wá lẹ́rìn-ín kò sọ̀rọ̀ mọ́. Orí ni ó ń mì sí wa bí a bá bi í ní ìbéèrè.

Ìyá rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé. Wọ́n ní lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́, nítorí náà kò kan àwọn. Ó lọ bá àwọn òbí ọmọ tí ó gba ohùn náà sílẹ̀. Wọ́n ní eré ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mí jù ni tèmi. Ọjọ́ méjì kí ẹ̀gbọ́n mi tó fi ẹjọ́ náà sùn mí, ọ̀rẹ́ mi kan ti fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí mi. Mo gbọ́ ọ, mo sì rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ọmọ mi ni mo ń fi rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro òwe kan tí a máa ń pa láìronú sí i: ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí o bá bú ọmọ ẹlòmíràn lójúkojú, wàá rí i bí omi ṣe ń gbọ̀n nínú ojú rẹ̀. Àánú lè ṣe ọ́, ìtìjú lè mú ọ, ẹlòmíràn tí ó wà níbẹ̀ sì lè ní kí o dákẹ́. Fóònù ti mú ojú kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó sọ ọ́ kò rí ẹni tí ó bà. Èmi tí mo rẹ́rìn-ín kò rí ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan yóò wí pé, "Ṣé Yorùbá kò ti ń bú ara wọn tipẹ́ ni?" Òótọ́ ni. Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn, tọmọdé tàgbà a máa kọrin èébú kiri ìgboro. Ní ilẹ̀ Kétu àti Yewa, ẹ̀fẹ̀ a máa jáde lóru ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti fi orin tú àṣírí oníwà ìbàjẹ́ lójú agbo. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ọgbà tí àwọn baba ńlá wa fi yí èébú náà ká. Ó ní ọjọ́ tirẹ̀, ó sì ní ibi tirẹ̀. Bí ọdún bá ti parí, orin parí nìyẹn. Ìwà ni ẹ̀fẹ̀ ń bá wí. Ní ti ẹni tí ara rẹ̀ yàtọ̀, àwọn baba wa kan náà ni wọ́n pe afín, abuké àti arọ ní ẹni òrìṣà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èébú orí ayélujára kò ní ọjọ́, kò ní ibi, kì í sì í parí. Ẹni tí ó bá fi àṣà wa gbè é lẹ́sẹ̀ kò mọ àṣà náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń pè é ní eré, kí ó wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ lókè òkun. Ní ọdún 2006, ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, ọmọbìnrin ọdún 13 kan, Megan Meier, bá ọmọkùnrin kan dọ́rẹ̀ẹ́ lórí MySpace. Ọmọkùnrin náà kò sí láyé rí. Àwọn ará àdúgbò ló hùmọ̀ rẹ̀, àgbàlagbà obìnrin kan tí òun náà bímọ sì wà nínú wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dídùn di ọ̀rọ̀ kíkorò, ọmọ náà gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Òfin jìbìtì kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi gbé obìnrin náà lọ sí ilé-ẹjọ́, nítorí kò sí òfin mìíràn tí ó bá ọ̀ràn náà mu. Ní 2009, adájọ́ dá a sílẹ̀.

Ní Kánádà, Amanda Todd, ọmọ ọdún 15, gbé fídíò kan sí YouTube ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012. Kò la ẹnu. Ìwé pélébé pélébé tí ó kọ ọ̀rọ̀ sí ni ó ń gbé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ bí ẹnìkan ṣe ń fi àwòrán rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn, àti bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń fi í ṣe ẹlẹ́yà láti ilé-ìwé kan dé òmíràn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá, ó kú. Ọkùnrin tí ń halẹ̀ mọ́ ọn wà ní ilẹ̀ Netherlands, ní òdìkejì òkun. Ọdún 2022 ni ilé-ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 13 fún un. Ẹnìkan ṣoṣo ni ẹjọ́ náà kàn. Àwọn tí ó ti rẹ́rìn-ín kò lóǹkà.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, òwe kan wà tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ bí a ti ń pa á: ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ ni mo rò pé òwe náà ń bá wí. Ọmọ tí wọ́n fi ṣẹ̀sín kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ẹni tí ó fi í ṣe ẹlẹ́yà ni ẹ̀sín yẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ gbọ́ òwe yẹn lẹ́nu yín láìsí àlàyé.

Ta ni yóò wá dáhùn? Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ̀bi, kí a bá a wí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ohùn ọmọ wa kò bá má kúrò nínú kíláàsì kan bí kì í bá ṣe àwa tí a gbà á, tí a sì tún fi ránṣẹ́. Òbí tí ó ra fóònù fún ọmọ tí kò sì kọ́ ọ ní bí a ṣe ń lò ó, kí ó rántí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé-ìwé tí ó ní kò kan òun, ta ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ náà?

Ní ti ìjọba, òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2015. Abala 24 rẹ̀ mẹ́nu kan ìfòòró ẹni, ṣùgbọ́n àfi bí ó bá mú kí ẹni náà máa bẹ̀rù ikú, ìwà ipá tàbí ìpalára. Òfin náà kò rí ti ọmọ tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí kò fi lè sọ̀rọ̀ mọ́. Abala kan náà yìí ni wọ́n sì fi mú àwọn akọ̀ròyìn, títí ilé-ẹjọ́ ECOWAS fi sọ ní 2022 pé ó tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Òfin tí ó le mọ́ ẹni tí ó bú aláṣẹ, tí kò sì já mọ́ nǹkan fún ẹni tí ó fòòró ọmọdé, irú òfin wo nìyẹn?

Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ni àwọn ojú òpó wọ̀nyí ńkọ́? Bí a bá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ni owó ìpolówó wọn ṣe ń pọ̀ tó, ẹlẹ́yà sì máa ń dá èrò dúró. Ní Australia, láti ọdún 2015 ni aláṣẹ kan ti wà tí ó lè pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ohun tí wọ́n fi ń fòòró ọmọdé. Òfin ọdún 2021 sì fún ilé-iṣẹ́ ní wákàtí 24 péré láti yọ ọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2025, òfin mìíràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá má ṣe gba ọmọ tí kò tó ọdún 16. Ìtanràn rẹ̀ kò sí lórí ọmọ, kò sí lórí òbí. Orí ilé-iṣẹ́ ni ó wà. Bí òfin náà yóò bá tilẹ̀ ní àléébù, ó mọ ẹni tí ó yẹ kí ó bi ní ìbéèrè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, bí wọ́n bá ń fòòró yín, ẹ má ṣe dá a gbé. Ẹ wá àgbà kan tí ẹ fọkàn tán, ẹ sọ fún un. Bí kò bá gbọ́, ẹ wá òmíràn. Ẹ fi ẹ̀rí pamọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú lọ́wọ́ yín.

Èmi ti bẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ fún un pé mo rẹ́rìn-ín. Kò dá mi lóhùn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, ó mú ìwé rẹ̀ wá, ó sì ka ojú ewé kan sí mi létí. Ó dúró lọ́nà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì dúró dè é.

Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí a fi ẹnu wa pa ọmọ wa. Ó dìgbà kan ná. Ire o.