Omi ìdọ̀tí Computer Village: ta ni yóò sanwó páìpù abẹ́ ilẹ̀?

Nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn ilé tó wà ní òpópónà Òtìgbà àti àyíká rẹ̀ ní Ìkẹjà, ilé gbígbé ni wọ́n, kì í ṣe ọjà. Bàbá, ìyá, ọmọ àti bóyá ayálégbé mélòó kan ni onílé ní lọ́kàn nígbà tó gbẹ́ táńkì ìgbẹ́ àti sóókàwéè sẹ́yìnkùlé. Ní ẹ̀wádún 1990 ni àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà àti àwọn tó ń tún un ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba yàrá iwájú. Nígbà tó yá, wọ́n gba odidi ilé, àwọn onílé sì wó ògiri, wọ́n kọ́ plásà alájà mẹ́ta, mẹ́rin sórí ilẹ̀ kan náà. Ilé yí padà, orúkọ àdúgbò yí padà, owó ìsọ̀ gòkè. Ẹ̀yìnkùlé nìkan ni ìdàgbàsókè yìí kò fi bẹ́ẹ̀ dé.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń gbé ilé kan, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo 100 lítà omi lójúmọ́, 1,000 lítà ni yóò wọ táńkì. Bí plásà kan bá ní ìsọ̀ 200, tí ènìyàn mẹ́ta wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 12,000 lítà ni, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá lò ju 20 lítà lọ. A kò tí ì ka oníbàárà, a kò tí ì ka olóúnjẹ tó ń fọ abọ́.

Iṣẹ́ táńkì ìgbẹ́ ni láti mú kí omi dúró jẹ́ẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìdọ̀tí tó wúwo rì sísàlẹ̀, kí ọ̀rá léfòó, kí omi àárín nìkan sì ṣàn lọ sí sóókàwéè, níbi tí ilẹ̀ yóò ti sẹ́ ẹ. Bí omi bá pọ̀ ju agbára táńkì lọ, kò ní ráyè dúró. Yóò gbé ìdọ̀tí lọ́wọ́, yóò di ojú ilẹ̀ pa, yóò sì wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ọ̀nà mìíràn náà ni gọ́tà. Èyí tí kò bá sì gba gọ́tà, abẹ́ ilẹ̀ ló ń lọ, níbi tí àwọn bóòhóòlù ti ń fa omi. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí bóòhóòlù jìnnà tó 30 mítà sí sóókàwéè. Bẹ́ẹ̀, plọ́ọ̀tì Èkó tó jẹ́ 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà kò fẹ̀ ju 18 mítà lọ, sóókàwéè aládùúgbò sì wà lẹ́yìn ògiri. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì pa àwọn ènìyàn ní Èkó. Omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ bá kàn ló ń gbé àrùn yìí kiri.

Ọ̀nà àbáyọ tí ọ̀pọ̀ onílé kọ́kọ́ máa ń rò ni ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́. Ọkọ̀ ńlá kan lè gba nǹkan bí 10,000 lítà, èyí tó fi hàn pé omi ọjọ́ kan nínú plásà tí a sọ yìí yóò kún un, yóò tún ṣẹ́kù. Ọkọ̀ wo ni yóò máa wọ Òtìgbà lójoojúmọ́, níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ pàápàá ń fi èjìká wá ọ̀nà? Níbo ni yóò sì da ẹrù rẹ̀ sí? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, etí ọ̀sà ní Ìddó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń da ìgbẹ́ Èkó sí, láìtún un ṣe. Ṣíṣí ìdọ̀tí nípò kọ́ ni mímú un kúrò.

Ìkejì ni kí plásà kọ̀ọ̀kan ra ẹ̀rọ kékeré tirẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi tọ̀sán-tòru kí àwọn kòkòrò aláìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí má baà kú, iná mànàmáná ló sì ń lò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní ìpele A fò láti nǹkan bí náírà 68 sí 225 fún yúníìtì kan. Onílé tó bá pa ẹ̀rọ náà lóru láti dín owó kù ti sọ ọ́ di táńkì lásán.

Ìkẹta ni ẹ̀rọ kan fún gbogbo òpópónà, pẹ̀lú páìpù abẹ́ ilẹ̀, ìyẹn ló sì bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù lọ. Kì í ṣe àjèjì: Alausa, tí kò jìnnà síbẹ̀, ní irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Abesan àti Òkè-Afa. FESTAC Town pàápàá ní i láti ọdún 1977, ṣùgbọ́n àìtọ́jú ba ti ibẹ̀ jẹ́. Bí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ń san náírà 2,000 lóṣù, plásà oní-ìsọ̀ 200 yóò mú 400,000 wá. Owó náà gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀, lábẹ́ ojú àwọn ọlọ́jà fúnra wọn àti LSWMO, ilé-iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó omi ìdọ̀tí. Bí wọ́n bá dà á pọ̀ mọ́ owó orí tàbí owó ẹgbẹ́, ọ̀nà FESTAC ni yóò gbà.

Ohun tó dá ọ̀rọ̀ dúró ni Katangowa. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sọ pé òun yóò kó ọjà náà lọ síbẹ̀, lẹ́yìn Agége. Gómìnà kan lọ, òmíràn dé, ìkéde ń tún ara rẹ̀ ṣe. Onílé tí wọ́n sọ fún pé ayálégbé rẹ̀ yóò kó lọ kò ní ri mílíọ̀nù mọ́lẹ̀. Ayálégbé tó gbà pé òun ń lọ kò ní dá owó. Ìjọba náà kò sì lè ri páìpù ọjà síbi tó ní kí ọjà ti kúrò. Títì pa ni irinṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe ti ọjà Mile 12 ní oṣù kejì ọdún 2024 nítorí ìdọ̀tí. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọjà tún ṣí. Kọ́kọ́rọ́ kì í gbẹ́ kòtò. Bí wọ́n bá tilẹ̀ kó lọ lọ́la, àwọn plásà náà kò ní ṣófo, Katangowa yóò sì nílò páìpù kí ìsọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣí.

Ìbéèrè ibi tí omi tí wọ́n bá tún ṣe yóò lọ ṣì wà níbẹ̀. Ní ìlú St. Petersburg ní Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti ìparí ẹ̀wádún 1970 ni wọ́n ti ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ bomi rin pápá gọ́ọ̀fù àti ọgbà. Ìkẹjà náà ní pápá gọ́ọ̀fù ní GRA, koríko ibẹ̀ sì ń fẹ́ omi nígbà ẹ̀rùn. Ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ní ilẹ̀ tó lè mu omi. Computer Village ní omi, kò ní ilẹ̀. Owó tí ẹgbẹ́ náà bá san fún omi yóò ran ìtọ́jú ẹ̀rọ lọ́wọ́, bí wọ́n bá lè fi oògùn pa kòkòrò inú rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n sì ya páìpù rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti omi mímu. Ní àsìkò òjò, koríko kò ní nílò rẹ̀, gọ́tà náà ni yóò gbà á, nítorí náà wọn kò lè fi ìdajì ìtọ́jú tẹ́ ara wọn lọ́rùn nítorí pé koríko lásán ni yóò mu ún.