Ọwọ́ Máníjà Nilé Arúgbó Wà

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò kéré, wọ́n sì mọ̀ pé kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì olówó ńlá ló ń tọ́jú èèyàn. Bí òṣìṣẹ́ bá sọ pé màmá kan ṣubú lóru, tó jẹ́ èébú ni máníjà fi dá a lóhùn, ṣé ó tún máa sọ lọ́jọ́ mìíràn? Yóò panu mọ́ ni, màmá yẹn ni yóò sì jìyà ẹ̀.

Abájọ tí CQC, àjọ tó ń yẹ àwọn ilé náà wò, tí wọ́n ti ń fún wọn ní máàkì látọdún 2014, fi ka ọ̀rọ̀ olórí mọ́ ìbéèrè márùn-ún tí wọ́n ń bi wọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá irú ilé bẹ́ẹ̀ fún bàbá yín, ẹ bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta ni wọ́n ń sọ fún? Tó bá kọ́kọ́ wẹ̀yìn kó tó dáhùn, ẹ wá ilé mìíràn.